Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa, lórí òfin tó ní ká má fa throttle sẹ́yìn mọ́

Sí Alága àti gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́,

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ sì kú ìnáwó tó dé bá wa lójijì. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ìkéde tí ẹ fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń dáhùn. Ẹ ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa throttle bàálù wa (ọwọ́ tí a fi ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì tàbí dín in kù) sẹ́yìn pátápátá lójú òfurufú mọ́, olùkọ́ ìbáà jókòó tì í. Ẹ ní ẹni tó bá ń bọ̀ wálẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa fa bàálù títí taya yóò fi kọjá etí rọ́nwéè. Ẹni tó bá rú òfin yìí, ẹ ní ẹ máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọn kò mọ̀ wá: owó àjọ ni àwa ọmọ Yorùbá kan ní ìwọ̀ oòrùn Houston fi ra Cessna 172P kan, bàálù ẹlẹ́ni mẹ́rin tó ní ẹ́ńjìnnì kan péré. Àwọn kan nínú wa ń fi gbafẹ́, àwọn mìíràn ń fi kọ́ṣẹ́ kí wọ́n lè di páílọ́ọ̀tì olówó oṣù. Èmi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ wọn. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ kan àti olùkọ́ mìíràn lọ dánra wò. Bàálù kò dé rọ́nwéè tó fi balẹ̀ sínú koríko, ẹsẹ̀ iwájú wọ́, abẹ̀bẹ̀ sì gbá ilẹ̀. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ẹ́ńjìnnì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì báyìí, wọ́n ń tú u palẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá ti gbálẹ̀, àfi kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Gbogbo wa la mọ ibi tí owó náà ti máa jáde. Ìbínú owó yẹn ló bí òfin tuntun yìí, mi ò sì dá yín lẹ́bi pé ẹ bínú. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

1. Ìkéde yín ní à ń “pa ẹ́ńjìnnì” lókè. A kì í pa á. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kò sì sí ẹni tó ń gé epo. Ẹ̀yin mélòó kan nínú ìgbìmọ̀ kì í wa bàálù, owó lẹ dá sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ.

Bàálù ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwéè, atẹ́gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sílẹ̀. Nígbà tí ibi tí a fẹ́ fi taya lé bá bọ́ sí ọ̀gangan èjìká wa, a ó ṣí ooru kabúrétọ̀ (afẹ́fẹ́ gbígbóná tí kì í jẹ́ kí yìnyín dì níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé), a ó sì fa throttle sẹ́yìn títí kò fi ní ibi tó ń lọ mọ́. Ariwo á lọ sílẹ̀. Imú bàálù á fẹ́ tẹ̀ wálẹ̀, a ó gbé e dúró díẹ̀ títí eré á fi bọ́ sí 65 knots (nǹkan bíi kìlómítà 120 ní wákàtí kan), torí iye yẹn ni ìwé bàálù wa sọ pé ó máa gbé e jìnnà jù lọ tí ẹrù bá kún un. Láti ibẹ̀ lọ, apá rẹ̀ nìkan ló fi ń fò. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́, tí a bá ti throttle síwájú, á dáhùn. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 yẹn kò lè pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ kó tó tán.

Láàárín àkókò yẹn, ojú ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ibi tí a fẹ́ balẹ̀ sí, bó bá ń gòkè nínú gíláàsì iwájú, a ò ní dé ibẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ imú, a máa fò ó kọjá. Bó bá dúró sójú kan tó kàn ń tóbi sí i, ibẹ̀ gan-an là ń lọ. Kò sí aago kankan nínú Cessna wa tó ń sọ èyí fúnni. Atẹ́gùn tó ń ti òkun Gulf fẹ́ wá láti gúúsù máa ń le lọ́sàn-án, ẹni tó bá pẹ́ kó tó yà sí rọ́nwéè, atẹ́gùn yẹn á jẹ gbogbo gíga tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tètè na flaps, pátákó ẹ̀yìn apá tó ń mú kí bàálù tètè sọ̀ kalẹ̀, òun náà á kù síta. Ẹni tó bá ṣì ga jù á tẹ apá kan sílẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ òdìkejì tẹ rudder, pátákó ìrù tó ń yí imú bàálù, kí bàálù lè máa fi ẹ̀gbẹ́ la atẹ́gùn, kó máa já wálẹ̀ láì sáré sí i. Mo lè fi ọjọ́ kan gbáko ya gbogbo èyí sórí pátákó fún akẹ́kọ̀ọ́, tí kò bá tíì ṣe é, kò tíì mọ̀ ọ́n.

2. Òfin yín ta ko òfin ìjọba. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní 14 CFR 61.87 ka àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́ kó tó dá gbé bàálù fò lẹ́ẹ̀kínní. Wíwá balẹ̀ nígbà tí a bá ṣe bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́ wà nínú rẹ̀. Fífi ẹ̀gbẹ́ bàálù já wálẹ̀ tí mo sọ lókè yìí wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ ló máa fọwọ́ sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ pé òun ti kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Orúkọ olùkọ́ ló wà níbẹ̀, orúkọ ìgbìmọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti máa fi bàálù gbowó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló sì ń lé e, ìdánwò FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, máa ní kó fa throttle sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwéè, kó yà, kó wá fi taya lé ibi tó fúnra rẹ̀ dárúkọ. Wọ́n fàyè ẹsẹ̀ bàtà 200 gbà á lẹ́yìn ibẹ̀. Ṣáájú ibẹ̀, wọn kò fàyè ẹsẹ̀ bàtà kan gbà á. Mo bẹ̀ yín, níbo ni kí ó ti lọ kọ́ ọ? Ṣé ká máa rán wọn lọ yá bàálù ẹlòmíràn, nígbà tí tiwa tí wọ́n dáwó rà wà ńlẹ̀?

3. Èyí tó dùn mí jù rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Òfin tuntun yín mú ká wà nínú ewu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ kọ ọ́ pé bí Boeing ṣe ń balẹ̀ ni kí àwa náà máa balẹ̀: ká ti òkèèrè wá, ká rọra máa sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa fà wá bọ̀. Ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wálẹ̀ yẹn máa ń jẹ́ nǹkan bíi dígírì 3. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bó bá ku nautical mile kan (nǹkan bíi kìlómítà 1.85) kí a dé rọ́nwéè lójú ọ̀nà yẹn, gíga wa kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 320 lọ. Àtẹ inú ìwé Cessna wa fi hàn pé tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 máa gbé wa dé nǹkan bíi nautical mile kan àbọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 320 kò wá lè gbé wa dé ìdajì ọ̀nà tó kù. Atẹ́gùn tó dojú kọ wá tún máa dín in kù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ pápá wa, ẹ mọ ohun tó wà níbi ìdajì yẹn: títì, wáyà iná mànàmáná, àti òrùlé àwọn aládùúgbò wa.

Boeing ní ẹ́ńjìnnì méjì, ó kéré tán. Tiwa jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń wa ẹlẹ́ńjìnnì kan, tó bá ti wọ àyíká pápá, ó yẹ kó lè fi apá bàálù nìkan dé rọ́nwéè láti ibi púpọ̀ nínú ọ̀nà rẹ̀. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ dòfin pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa wọ́ nílẹ̀ bọ̀ láti òkèèrè, ẹ ti sọ ọ́ dòfin pé lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dé ilé. Mi ò rò pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn. Ohun tí ẹ kọ nìyẹn.

4. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì máa ń bàjẹ́ tó bá tutù lójijì. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lycoming tó ṣe ẹ́ńjìnnì wa fúnra wọn ní kí ooru orí sílíńdà má ṣe lọ sílẹ̀ ju Fahrenheit 50 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ nígbà tí bàálù bá fi máa dé ẹ̀gbẹ́ rọ́nwéè ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, a ti dín iná ẹ́ńjìnnì kù tipẹ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè tó gbóná bí ààrò. Bó bá jẹ́ pé láti ẹsẹ̀ bàtà 3,000 la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, a ó dín in kù ní ìpele ìpele. Àwọn bàálù ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe ìdánrawò yìí láti àárọ̀ di alẹ́.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù gan-an kò sí nínú ìkéde yín: yìnyín inú kabúrétọ̀. Ìwé FAA fúnra rẹ̀ sọ pé yìnyín lè dì níbẹ̀ kódà bí ìta bá gbóná tó Fahrenheit 100, ìgbà tí a bá sì fa throttle sẹ́yìn pátápátá ló burú jù. Ẹ wo ọ̀rinrin Houston. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbàgbé láti ṣí ooru kabúrétọ̀ kó tó fa throttle lè ti throttle síwájú kó má gbọ́ nǹkan kan. Tí ẹ bá fẹ́ kọ òfin lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ èyí: ooru kabúrétọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà throttle; bí ìdánrawò bá sì gùn, kí a máa rọra ti throttle díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ká lè mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ṣì wà pẹ̀lú wa.

5. Àwọn aládùúgbò pápá ń ṣàròyé ariwo. Ìdánrawò yìí ni kì í pariwo nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe lókè. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

6. Ẹni tó bá yín kọ ìkéde náà sọ nísàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹni tó bá rántí Dana kò ní fi ẹ́ńjìnnì ṣeré. Mo rántí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, ẹ́ńjìnnì méjèèjì ọkọ̀ òfurufú Dana Air kọ̀ láti gbé e, ó já sí Ìjù-Ìṣágà, gbogbo àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, ó tún pa àwọn tó wà nílé wọn. Kò sí ọmọ Èkó tí yóò gbọ́ orúkọ yẹn tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a má fi wọ́n dẹ́rù ba ara wa. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ọkọ̀ tó ń dánra wò. Ẹ́ńjìnnì kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kankan kó tó dákẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ wa mu, ẹ lọ wo ti Air Canada, ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1983. Boeing 767 tuntun kan ni. Àwọn tó ṣírò epo lo ìwọ̀n pọ́n-ùn níbi tó yẹ kí wọ́n lo kílò, epo tán lójú ọ̀run ní ẹsẹ̀ bàtà 41,000, ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì kú. Bob Pearson tó ń wà á jẹ́ ẹni tó máa ń wa bàálù tí kò lẹ́ńjìnnì rárá, èyí tí wọ́n ń pè ní glider, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Wọ́n darí sí pápá ológun àtijọ́ kan ní Gimli, ní Manitoba. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ibẹ̀, wọ́n ga jù. Pearson tẹ apá kan sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ òdìkejì tẹ rudder, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá náà já wálẹ̀ bí ẹni wa Cessna. Lórí rọ́nwéè tí wọ́n ti sọ di pápá eré mọ́tò ló balẹ̀ sí. Àwọn 69 ló wà nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó kú. Ibi tí èèyàn ti ń kọ́ irú ọwọ́ yẹn ni ẹ fẹ́ tì pa.

7. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì sí nínú bàálù náà, àkọsílẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín pín fún wa ni mo kà. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: wọ́n fa throttle sẹ́yìn níbi tó yẹ. Atẹ́gùn le. Wọ́n na gbogbo flaps kí wọ́n tó yà sí rọ́nwéè. Àwọn méjèèjì kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn yà tán, àwọn rí i pé àwọn kò ní dé ibẹ̀. Wọ́n rí i! Síbẹ̀ wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo koríko bó ṣe ń bọ̀, wọ́n sì ń fa imú bàálù sókè kó lè nà dé ibẹ̀. Bàálù tí a bá fa imú rẹ̀ sókè láìsí iná ẹ́ńjìnnì kì í jìnnà sí i, ṣe ló ń kú sọ́wọ́ ẹni. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ń retí ẹni tó máa ti throttle.

Ẹ wá wò ó. Fífa throttle sẹ́yìn kọ́ ló fọ́ ẹsẹ̀ bàálù wa. Ohun tó fọ́ ọ ni pé ẹnikẹ́ni kò tì í síwájú nígbà tó yẹ. Òfin kankan kò sì sí nínú ẹgbẹ́ wa tó sọ ibi tó ti gbọ́dọ̀ tì í. Àìsí òfin yẹn ló yẹ kí ìgbìmọ̀ jókòó lé lórí.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí:

Ẹ fa òfin ọjọ́ Àìkú yẹn sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì tó dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ìdánrawò ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ tó máa dé ilẹ̀ máa wáyé ní pápá nìkan, lórí rọ́nwéè tó gùn, kó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ kọ̀ lóòótọ́, ibi tó yẹ kí a balẹ̀ sí náà la ti ń lọ. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí olùkọ́ kò tíì fọwọ́ sí fún un má dá a ṣe. Ní ẹsẹ̀ bàtà 300, bí kò bá dá awakọ̀ lójú pé òun máa dé rọ́nwéè, kó ti throttle síwájú, kó gòkè, kó tún yípo. Olùkọ́ tó bá jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, òun ni kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí àwọn oko ìrẹsì tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Katy, níbi tí a ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti yan pápá tó lè balẹ̀ sí, kí a dá ìdánrawò náà dúró kí bàálù tó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 500. Àwọn oko yẹn tẹ́jú lójú láti òkè, àmọ́ kòtò omi àti wáyà pọ̀ nínú wọn, kò sí ìdí tí a fi máa lọ wò wọ́n nítòsí.

Ẹ ní iléeṣẹ́ adójútòfò ló ní kí ẹ ṣòfin yìí. Ẹ fi ìwé wọn hàn wá. Bó bá jẹ́ pé lórí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe máa pa òfin wọn àti òfin FAA mọ́ pọ̀.

Àwọn méjì tí ẹ dá dúró, ẹ dá wọn padà lẹ́yìn tí olùkọ́ mìíràn bá ti bá wọn fò. Ìtìjú tí wọ́n jẹ lórí WhatsApp ti tó.

Títí ẹ ó fi dáhùn, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kankan pé ó lè dá fò nínú bàálù wa. Àwọn mẹ́ta ló ń retí ìbọwọ́lùwé mi. Mo ti pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, mo ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn, mo sì ní kí wọ́n wá sípàdé gbogbogbòò ní ọjọ́ Sátidé kìíní oṣù tó ń bọ̀. Èmi náà á wà níbẹ̀, màá mú ìwé bàálù àti ìwé òfin dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àbúrò yín, olùkọ́ nínú ẹgbẹ́